Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Dúró Ṣinṣin Nínú Ìgbàgbọ́ àti Ìdàpọ̀ Nígbà Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gígùn

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ètò fẹ́lọ́ṣíìpù máa ń gbé e ró ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ. Ọjọ́ Àìkú ní ìsìn tirẹ̀, àárín ọ̀sẹ̀ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, alẹ́ ọjọ́ kan wà fún àdúrà, ẹni tí wọ́n sì jọ ń gbé yàrá lè jí i nígbà tí oorun bá fẹ́ borí rẹ̀. Ìdánwò ìkẹyìn á parí, kálukú á di ẹrù rẹ̀, gbogbo ètò yìí á sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Oṣù méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń tẹ̀lé e, láìsí ẹni tí yóò lu agogo fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn jó rẹ̀yìn nígbà ìsinmi kò fìgbà kan jókòó pinnu pé àwọn fẹ́ kọ Olúwa sílẹ̀. Àdúrà wọn àti Bíbélì kíkà wọn ló so mọ́ àkókò tí ẹlòmíràn là sílẹ̀ fún wọn, nígbà tí àkókò náà sì lọ, àwọn náà bá a lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ ìsinmi kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá délé. Ó yẹ kí ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ènìyàn ti wà nínú ìwé kí o tó jáde kúrò nínú ọgbà, nítorí pé ìpinnu tí kò ní ọjọ́, tí kò sì ní ẹni tí yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, kì í pẹ́ di ohun ìgbàgbé. Àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ilé-ẹ̀kọ́ tó padé, wọ́n sì parí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí o bá wọlé padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ṣe ìṣirò ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe fún ọ

Mú ìwé kan, kí o pín in sí ọ̀nà méjì. Ní apá kan, kọ gbogbo ohun tí o ń ṣe fún ìgbàgbọ́ rẹ láìsí pé ẹnikẹ́ni rán ọ létí. Ní apá kejì, kọ èyí tí o ń ṣe nítorí pé ẹlòmíràn ṣètò rẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ìtìjú mú ọ parọ́ fún ìwé ara rẹ. Bí ó bá jẹ́ pé inú ẹ̀kọ́ Bíbélì ẹgbẹ́ nìkan ni o ti ń ṣí Ìwé Mímọ́, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Apá kejì yìí ni yóò pòórá ní ọjọ́ tí o bá kúrò, òun gan-an ni o sì níláti wá ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí ó dára fún iṣẹ́ yìí wà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 2:42, níbi tí a ti sọ pé nǹkan mẹ́rin ni àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ dúró ṣinṣin nínú rẹ̀: ẹ̀kọ́ àwọn àpọ́sítélì, ìdàpọ̀, bíbu àkàrà, àti àdúrà. Fi ètò ìsinmi rẹ wọn èyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ nìkan lè ka Ìwé Mímọ́ kí o sì gbàdúrà nínú yàrá rẹ. Ìdàpọ̀ gba ẹnìkejì ó kéré tán. Oúnjẹ Olúwa ní tirẹ̀ gba ìjọ tí ó péjọ sí ojú kan, a kò sì lè fi ìwàásù orí fóònù dípò rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ètò rẹ̀ báyìí yóò tètè rí i pé fífetí sí ìwàásù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ó tilẹ̀ dára, ìdá kan péré nínú mẹ́rin ni ó kájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Bá ẹnì kan tàbí ẹni méjì dá májẹ̀mú kí ẹ tó pínyà

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú gbogbo wọn, nítorí náà n óò pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ WhatsApp tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn wà nínú rẹ̀ kò lè tọ́jú ìgbàgbọ́ rẹ nígbà ìsinmi. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, o lè dákẹ́ fún oṣù kan gbáko kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Ẹni tí o nílò ni ẹni tí yóò mọ̀ ní ọjọ́ kẹta pé o ti dákẹ́. Yan onígbàgbọ́ kan tí ó máa ń sọ òótọ́ fún ọ, tí kì í gbé ọ̀rọ̀ ènìyàn káàkiri, tí ó sì jẹ́ ọkùnrin bí o bá jẹ́ ọkùnrin, tàbí obìnrin bí o bá jẹ́ obìnrin, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ óò máa sọ yóò jinlẹ̀ dé ibi ìdánwò tí ẹ̀ ń bá jà. Ẹ lè jẹ́ mẹ́ta, kí ó lè jẹ́ pé bí àyè kò bá gba ẹnì kan, àwọn méjì yòókù á ṣì lè pàdé. Bí ẹ bá ju mẹ́ta lọ, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn yòókù.

Ẹ jókòó papọ̀ kí ìdánwò tó wọra jù, kí ẹ sì fẹnu kò lórí ohun mẹ́rin: ọjọ́ wo lọ́sẹ̀, aago mélòó, ta ni yóò pe ta, àti kí ni ẹ óò ṣe bí ẹnì kan kò bá gbé ìpè. Ìbéèrè kẹta yẹn dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ló ń ba májẹ̀mú púpọ̀ jẹ́, nítorí pé kálukú á máa retí pé kí ẹnìkejì kọ́kọ́ pè. Bí ẹ óò bá wà ní orílẹ̀-èdè tí aago wọn yàtọ̀ síra, ẹ kọ aago méjèèjì sílẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ó jẹ́ ìpè tí ẹ ti ń gbọ́ ohùn ara yín, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì lè kọ pé dáadáa ni òun wà, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ohùn rẹ̀ tó bá a parọ́.

Ìpè bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn débi tí yóò fi di ẹrù. Ìdajì wákàtí tó. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí ara yín, kí ẹnì kan ka ẹsẹ Bíbélì mélòó kan nínú ibi tí ẹ jọ ń kà, kí kálukú sì sọ ohun kan tí ó rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín ní àwọn ìbéèrè tí kò ṣeé fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá dáhùn. “Ọjọ́ wo lọ́sẹ̀ yìí ni o kò gbàdúrà, kí ló sì gba àkókò náà mọ́ ọ lọ́wọ́?” “Ibo ni ìdánwò ti le jù fún ọ?” “Ta ni o bá sọ̀rọ̀ nípa Jésù, tàbí ta ni o wù ọ́ láti bá sọ ọ́ tí ẹ̀rù bà ọ́?” Kí ẹni tí a bi léèrè dáhùn, kí ẹni tí ó bi í má ṣe sáré wàásù fún un. Ẹ wá gbàdúrà fún ara yín lórí ohun tí ẹ sọ gan-an, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìpè ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀ nípa bíbéèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé. Dáníẹ́lì ṣe irú èyí nílẹ̀ àjèjì: ní ọjọ́ tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, ó padà sílé, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún Hananáyà, Míṣáẹ́lì àti Asaráyà, wọ́n sì jọ bẹ Ọlọ́run fún àánú.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àníyàn yìí ti pọ̀ jù, kí ó ka Tẹsalóníkà Kìíní. Pọ́ọ̀lù níláti fi ìlú Tẹsalóníkà sílẹ̀ lóru nítorí inúnibíni, ó sì fi àwọn onígbàgbọ́ tuntun sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó dé Átẹ́ńsì, kò lè mú un mọ́ra mọ́; ó gbà láti dá nìkan wà kí Tímótì lè padà lọ wo bí ìgbàgbọ́ wọn ti rí. Tímótì mú ìròyìn padà wá pé wọ́n ń dúró, wọ́n sì ń fẹ́ rí Pọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí òun náà ti ń fẹ́ rí wọn, Pọ́ọ̀lù sì kọ lẹ́tà olórí márùn-ún yẹn sí wọn. Iṣẹ́ Tímótì ni o ń gbà nígbà tí o bá ń tẹ nọ́ńbà ẹnìkejì rẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ṣe ètò Bíbélì kíkà tí agbára rẹ ká

Orí 1,189 ni ó wà nínú Bíbélì. Ẹni tí ó bá ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, tí ó sì pinnu láti ka gbogbo rẹ̀ tán, níláti ka nǹkan bí orí 17 lójúmọ́. Àwọn díẹ̀ lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ ni yóò fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nínú Léfítíkù, ìtìjú ìfisílẹ̀ yẹn á sì mú kí wọ́n má ka nǹkan kan mọ́. Ètò tí mo dábàá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Máàkù ní orí 16, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ní 28, Fílípì ní mẹ́rin, Tẹsalóníkà Kìíní ní márùn-ún, Jákọ́bù ní márùn-ún. Àpapọ̀ wọn jẹ́ orí 58. Bí o bá ń ka orí kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọjọ́ 70 ni o ní, ọjọ́ 12 yóò sì ṣẹ́kù fún ọjọ́ ìrìn-àjò, ọjọ́ àìsàn, àti ọjọ́ tí orí kan bá gbá ọ mú tí o fi fẹ́ tún un kà. Ní irú ètò yìí, o óò ti bá Jésù rìn láti odò Jọ́dánì títí dé ibojì tí ó ṣófo, o óò ti rí bí ìjọ ṣe bẹ̀rẹ̀, o óò sì ti ka lẹ́tà tí a kọ sí díẹ̀ nínú àwọn ìjọ wọ̀nyẹn. Fi Sáàmù kan kún un ní alẹ́ bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má ṣe kà á sí gbèsè.

Ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan, kọ ìlà mẹ́ta péré: ohun tí orí náà sọ nípa Ọlọ́run, ohun kan tí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ lónìí, àti àdúrà kúkúrú kan. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tí ó bá ka Máàkù orí kìíní lè kọ pé Jésù jí ní kùtùkùtù kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lọ sí ibi tí kò sí ènìyàn láti gbàdúrà, bẹ́ẹ̀ sì ni àná rẹ̀ kún fún iṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú; ìlà kejì á sì jẹ́ aago tí òun fúnra rẹ̀ yóò jí lọ́la. Kọ́ ẹsẹ kan sórí lọ́sẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ẹnìkejì rẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ nígbà ìpè.

Ibi tí o óò ti máa kà á náà ṣe pàtàkì. Ilé kì í ṣe họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àbúrò lè máa sáré wọlé, rédíò lè máa pariwo, o sì lè máà ní yàrá tìrẹ rárá. Ní ọjọ́ kejì tí o bá dé, wá igun kan àti wákàtí kan tí ilé máa ń dákẹ́, kí o sọ fún àwọn ará ilé pé ìgbà yẹn ni o máa ń gbàdúrà, kí wọ́n má baà rò pé ṣe ni o ń sá fún wọn. Bí kò bá sí igun kankan nínú ilé, rìn jáde kí o máa gbàdúrà bí o ti ń rìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Wà nínú ìjọ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́

Má ṣe fi ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ sinmi ìrìn-àjò, kí o sì sọ pé èyí tí ó ń bọ̀ ni o óò lọ. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ ló sábà máa ń pinnu bí àwọn yòókù yóò ti rí. Lúùkù 4:16 sọ pé nígbà tí Jésù padà sí Násárẹ́tì, níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó wọ inú sínágọ́gù lọ ní ọjọ́ ìsinmi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àwọn ènìyàn kan náà tí wọ́n jókòó níbẹ̀ ni wọ́n gbìyànjú láti tì í lulẹ̀ láti orí òkè kí ọjọ́ náà tó parí. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ìjọ ilé òun kò gbóná tó fún òun yẹ kí ó wo èyí dáadáa.

Òótọ́ ni pé ìyàtọ̀ máa ń wà. Nínú fẹ́lọ́ṣíìpù, ọjọ́ orí gbogbo yín fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, orin tí ẹ mọ̀ ni ẹ ń kọ, ẹni tí ó ń wàásù sì mọ ohun tí ìdánwò àti àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ń fojú akẹ́kọ̀ọ́ rí. Nínú ìjọ ilé, o lè rí ọmọ ọwọ́ tí ń sunkún, àgbàlagbà tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, àti orin tí ó falẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ni ara Kristi bí ó ti rí ní tòótọ́, ọjọ́ sì ń bọ̀ tí o óò parí ẹ̀kọ́, tí irú ìjọ báyìí nìkan ni yóò kù fún ọ. Wá àgbàlagbà onígbàgbọ́ kan, kí o jókòó tì í lẹ́yìn ìsìn, kí o sì bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ìgbàgbọ́ yín rí ìdánwò jù, báwo ni ẹ sì ṣe là á já?” Ìdáhùn rẹ̀ lè gba wákàtí kan. Fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Kò sí ọ̀dọ́ tí ó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́.

Kí o tó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ni kí o ti kàn sí àlùfáà tàbí olùṣọ́-àgùntàn ìjọ náà. Ọ̀rọ̀ náà kò níláti gùn: “Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Mo ń bọ̀ nílé fún ìsinmi ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀, n óò sì lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá ní fún mi láàárín àkókò yìí, ìbáà jẹ́ títo àga tàbí ríran àwọn olùkọ́ ọmọdé lọ́wọ́, mo ṣetán láti ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rántí mi nínú àdúrà, kí ẹ sì máa bi mí bí ìgbàgbọ́ mi ti ń ṣe sí.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kí o má ṣe yọ kúrò. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ tí a ń retí rẹ̀ sí nínú ìjọ kì í sábà pa ìjọ jẹ, iṣẹ́ kékeré ni ó sì dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé o kò ní pẹ́ lọ, kò sì yẹ kí o gba ojúṣe tí ìlọ rẹ yóò dá sílẹ̀ lójijì.

Bí o kò bá ní ìjọ nílé, tàbí tí ó jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni o ti di onígbàgbọ́, béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣáájú fẹ́lọ́ṣíìpù rẹ bóyá wọ́n mọ ìjọ kan ní àdúgbò tí o ń lọ. Ohun tí o óò wò kì í ṣe bí gbọ̀ngán ṣe tóbi tó. Wò ó bóyá Bíbélì ni wọ́n ń ṣàlàyé, bóyá ikú àti àjíǹde Jésù wà láàárín ohun tí wọ́n ń kọ́ni, àti bóyá àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń ṣìkẹ́ ara wọn. Lọ sí méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí o jókòó sí ọ̀kan. Ẹni tí ó ń yí ìjọ kiri títí ìsinmi fi parí kò tíì rí ìdàpọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Jẹ́ kí àwọn ará ilé rí ìgbàgbọ́ náà

Lẹ́yìn tí Jésù, ọmọ ọdún méjìlá, ti jókòó láàárín àwọn olùkọ́ ní tẹ́ḿpìlì tí ìmọ̀ rẹ̀ sì ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu, ó bá àwọn òbí rẹ̀ padà sí Násárẹ́tì, ó sì ń tẹrí ba fún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ olórí àdúrà ní ilé-ẹ̀kọ́, tí ìyá rẹ̀ sì níláti pè lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dìde fọ abọ́, ti ń wàásù ohun tí àwọn ará ilé kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀. Jí kí wọ́n tó jí ọ. Ṣe iṣẹ́ tí a kò pín fún ọ. Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí o ti ṣẹ̀ kí o tó lọ, pàápàá bí ó bá jẹ́ àbúrò tí kò retí rẹ̀.

Bí ìdílé rẹ bá jẹ́ onígbàgbọ́, bẹ̀ wọ́n kí ẹ jọ máa gbàdúrà ní alẹ́ mélòó kan lọ́sẹ̀, kódà bí kò bá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìgbàgbọ́ Tímótì wá láti ọ̀dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ Lóìsì àti ìyá rẹ̀ Yùníìsì, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú pé kí o jókòó gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí o lọ.

Bí wọn kò bá jẹ́ onígbàgbọ́, ọ̀rọ̀ náà gba sùúrù àti ọgbọ́n. Máàkù orí karùn-ún sọ nípa ọkùnrin kan tí Jésù lé ẹ̀mí èṣù jáde lára rẹ̀, tí ó sì ń bẹ̀bẹ̀ láti máa bá a lọ. Jésù kò gbà fún un. Ó ní kí ó lọ sílé, sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ó sọ ohun ńlá tí Olúwa ti ṣe fún un. Ohun tí a ṣe fún un ni ó níláti sọ, a kò rán an láti lọ máa dá wọn lẹ́jọ́. Bí òbí rẹ kò bá fẹ́ kí o máa lọ sí ìjọ, má ṣe fi ìbínú jáde nílé, má sì ṣe yọ́ jáde. Bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí inú wọn bá dùn, kí o tọrọ ohun kékeré kan tí wọ́n lè gbé yẹ̀ wò, irú bí wákàtí méjì péré ní ọjọ́ Àìkú. Dáníẹ́lì fi ọ̀wọ̀ bẹ ẹni tí ó ń tọ́jú òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ó fi ewébẹ̀ àti omi dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá, ẹni náà sì gbà. Títí tí wọn yóò fi gbà fún ọ, ìpè ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ á di ohun tí o kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Iṣẹ́, fóònù àti àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́

Bí o óò bá ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi, béèrè nípa ọjọ́ Àìkú kí o tó gba iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí ọ̀nà àbáyọ, wá ìjọ tí ó ní ìsìn ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní àárín ọ̀sẹ̀. Àkókò tí o bá fi ń wọkọ̀ lọ tí o sì fi ń bọ̀ lè tó láti gbọ́ orí kan nínú Bíbélì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fara mọ́ kíkà á pẹ̀lú ojú ju gbígbọ́ rẹ̀ lọ fún ẹni tí àyè bá gbà.

Òru ni fóònù ti ń pa ìgbàgbọ́ lára jù. Kò sí ẹ̀kọ́ tí o níláti jí lọ gbà lọ́la, nítorí náà o óò máa wo fídíò títí di aago méjì, o óò jí nígbà tí oòrùn bá ti ga, wákàtí tí o là sílẹ̀ fún Ọlọ́run á sì ti kọjá lọ. Jẹ́ kí fóònù sùn sí yàrá mìíràn. Ra aago kékeré tí ń jí ènìyàn. Gbà pé àdúrà òwúrọ̀ ọ̀la bẹ̀rẹ̀ láti aago tí o bá sùn ní alẹ́ òní.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ dàgbà, má ṣe sá fún wọn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n mọ̀ láti ìpàdé àkọ́kọ́ pé o ti ń tẹ̀lé Jésù, nítorí bí o bá dákẹ́ fún oṣù kan, yóò ṣòro fún ọ láti sọ ọ́ mọ́, yóò sì ṣòro fún wọn láti gbà á gbọ́. Ibi tí o bá mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ti ń yọ̀ tẹ́lẹ̀, má lọ síbẹ̀ nìkan. Pè wọ́n wá sí ọ̀dọ̀ rẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ pàdé lójúkojú lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán

Jòhánù kọ nínú lẹ́tà rẹ̀ kejì pé òun ní ohun púpọ̀ láti sọ, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ lo ìwé àti tàdáwà. Òun fẹ́ wá kí àwọn lè sọ̀rọ̀ lójúkojú, kí ayọ̀ wọn lè kún. Bí àwọn ọmọ fẹ́lọ́ṣíìpù mélòó kan bá ń gbé ibi tí kò jìnnà síra, ẹ yan ọjọ́ kan ní àárín ìsinmi, kí ẹ pàdé nínú ilé ẹnì kan tàbí ní gbangba, kí ẹ ka Ìwé Mímọ́, kí ẹ sì gbàdúrà fún wákàtí mélòó kan. Kò gba ìpolongo, kò sì gba oníwàásù láti òkèèrè.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1806, akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Williams College, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, jáde lọ sí pápá kan láti gbàdúrà. Òjò àti àrá dé bá wọn, wọ́n sì forí pamọ́ sí abẹ́ òkìtì koríko gbígbẹ, níbi tí wọ́n ti gbàdúrà nípa mímú ìhìn rere lọ sí Éṣíà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1810, àwùjọ ìránṣẹ́ ìhìn rere tí ó jáde láti inú ìpinnu yẹn bẹ̀rẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní 1812. Ní 1886, akẹ́kọ̀ọ́ 251 péjọ ní Mount Hermon ní ìpínlẹ̀ kan náà láti fi ìsinmi wọn kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì lọ́dọ̀ oníwàásù D. L. Moody, nígbà tí ìpàdé náà sì parí, ọgọ́rùn-ún nínú wọn ti fi ara wọn jìn fún iṣẹ́ ìhìn rere nílẹ̀ òkèèrè. Bí ìpàgọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá wà ní ìsinmi yìí tí agbára rẹ sì ká a, lọ. Bí kò bá sí, márùn-ún tó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Mọ ohun tí o óò ṣe bí o bá ṣubú

Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá láìsí àdúrà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí o rò pé o ti borí lè padà wá. Ohun tí ó burú jù ní irú àkókò yìí ni pé kí o sọ pé ó di ìgbà tí o bá padà sí ilé-ẹ̀kọ́ kí o tó tún bẹ̀rẹ̀. Pe ẹnìkejì rẹ lọ́jọ́ náà, má dúró de ọjọ́ ìpè, kí o sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́. Jákọ́bù 5:16 ní kí a jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa fún ara wa, kí a sì gbàdúrà fún ara wa kí a lè rí ìwòsàn. Jòhánù Kìíní 1:9 sì fi dá wa lójú pé bí a bá jẹ́wọ́, olóòótọ́ àti olódodo ni Ọlọ́run láti dárí jì wá. Ní ti Bíbélì kíkà, má gbìyànjú láti ka orí méje tí o ti pàdánù papọ̀. Ṣí orí ti òní kí o sì máa bá a lọ.

Bí ìbànújẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí o kò lè sùn tàbí jẹun, tàbí tí ẹnì kan nínú ilé bá ń ṣe ọ́ ní ibi, èyí kọjá ohun tí ẹnìkejì rẹ nìkan lè gbé. Sọ ọ́ fún àgbàlagbà tí o fọkàn tán nínú ìjọ, kí o sì rí dókítà bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera. Rírí dókítà kò túmọ̀ sí pé ìgbàgbọ́ rẹ kéré.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Múra ìpadàbọ̀ sílẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ olùṣọ́-àgùntàn àti àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ nínú ìjọ, kí o sọ ọjọ́ tí o ń lọ fún wọn, kí wọ́n sì gbàdúrà fún ọ. Ka ìwé ìlà mẹ́ta rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o fa ìlà sí abẹ́ àwọn àdúrà tí Ọlọ́run ti dáhùn, kí o sì yan ọ̀kan tí o óò sọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ní ìpàdé àkọ́kọ́ ti fẹ́lọ́ṣíìpù.

Bí ó bá ṣeé ṣe, tètè padà ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń yan àwọn tí wọn yóò máa bá rìn, ẹni tí ó bá sì bá wọn gbé ẹrù wọ yàrá lè pè wọ́n wá sí ìpàdé láìní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, wo orúkọ àwọn tí ẹ jọ wà ní fẹ́lọ́ṣíìpù ní sáà tí ó kọjá, kí o ṣàmì sí àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó wọn mọ́ láti àárín ìsinmi. Yàrá àwọn wọ̀nyẹn ni kí o kọ́kọ́ lọ, kí ó tó di ọjọ́ ìpàdé. Kí wọn, jókòó, béèrè àlàáfíà ilé wọn, kí o má sì bi wọ́n ní ìdí tí wọn kò fi gbé ìpè títí wọn yóò fi sọ ọ́ fúnra wọn.